Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìjọ Wa ní Ọ̀yọ́: Ilẹ̀kùn Tí Ẹ Jù Sẹ́yìn Ilé Ìdáná

Sí Fíkà wa, àwọn Wọ́dìn, Bàbá Ìjọ, Ìyá Ìjọ àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Ilé Ìjọsìn.

Ẹ̀yin àgbà mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú làálàá àtúnṣe. Mo kúnlẹ̀ bí ọmọ ṣe ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti máa sọ̀rọ̀.

Lẹ́tà kẹta tí mo máa kọ nìyí. Àkọ́kọ́, akọ̀wé ní òun ò rí i. Ìkejì, ó ní òun rí i, àmọ́ kò sí lára ohun tí ìpàdé fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Bí ìkẹta ṣe di ti gbogbo ayé nìyẹn. N ò ní dárúkọ ìjọ wa, n ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹni tó bá ń bá wa jọ́sìn kò ní kà á jìnnà kó tó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn ńlá ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, onígi ìrókò, abala méjì, àwòrán mẹ́fà lára abala kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1974 ni wọ́n gbé e kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo sì mọ bó ṣe wáyé ju bí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣe mọ̀ ọ́n lọ, nítorí èmi ni mò ń gbé ẹ̀kọ lọ fún àwọn tó gbẹ́ ẹ. Afíngbá ni bàbá mi. Bàbá agbẹ́gi tó gba iṣẹ́ náà sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Abẹ́ igi ọ̀dán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé fíkà àtijọ́ ni wọ́n ti ṣe é, oṣù mẹ́jọ gbáko. Mo rí i bí bàbá náà ṣe fi àáké lé igi títí ìrísí èèyàn fi yọ, tó tún un lé kí orí, èjìká àti orúnkún lè pínyà, tó fi ọ̀bẹ dán an, kó tó wá fín ojú, ìka ọwọ́ àti ìlà aṣọ sí i. Lílé, àlétúnlé, dídán, fífín. Ọmọ iṣẹ́ lè bá a lọ́wọ́ sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá a fín ojú Jésù.

Bàbá náà kò mọ̀wé. Kátíkíìsì ló ń ka Bíbélì fún un láràárọ̀, apá kan fún àwòrán kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ti ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn tí Jésù bọ́, kátíkíìsì kà á bó ṣe wà nínú Bíbélì wa: iṣu àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì. Bàbá béèrè pé, "Àkàrà?" Kátíkíìsì ní, "Àkàrà ni." Ẹ wá wo àwòrán karùn-ún lára abala ọ̀tún: àkàrà olóbìírípo márùn-ún nínú igbá, bí ìgbà tí ìyá alákàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o kúrò nínú epo, ẹja méjì sì ká lórí wọn bí ẹja tí wọ́n ń sá lọ́jà Àkẹ̀sán. Nígbà tí fíkà rí i, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má yí i padà. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ìjọ yẹn tí kò tíì fọwọ́ kan àkàrà Jésù. Ibẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ àwọn ọmọdé.

Ilẹ̀kùn yẹn lẹ yọ ní oṣù Kẹfà tó kọjá, ẹ sì fi ilẹ̀kùn gíláàsì onífúréèmù dúdú rọ́pò rẹ̀, irú èyí tó wà ní báńkì. Ẹjọ́ mi rèé.

1. Ta ló pàṣẹ?

Ní ìpàdé gbogbogbò tí a ṣe lẹ́yìn Àjíǹde, nǹkan mẹ́ta lẹ kà sí wa létí pé ẹ fẹ́ tún ṣe: òrùlé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti jẹnẹrétọ̀. Torí wọn la ṣe dáwó. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ní ìwé ìpàdé tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pín fún wa, ẹ gbé e jáde ká jọ kà á.

2. Ẹ ní ó jọ ti abọ̀rìṣà.

Ibí yìí ni n ó ti dúró pẹ́ díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù nìyí. Mo bi ọ̀kan nínú yín léèrè ohun tó jọ ti abọ̀rìṣà lára rẹ̀. Ó ka mẹ́ta. Ó ní àwọn amòye tó wá kí Jésù dé adé oníbòjú, wọ́n sì mú ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní obìnrin tó gbé òróró ìkunra wá kúnlẹ̀, ó gbé igbá ọlọ́mọrí dání bí àwọn ère inú ojúbọ. Ó sì ní ojú àwọn èèyàn náà yọ jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìrùkẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ ìkórè tó kọjá, Bàbá Ìjọ jó wọlé láti ẹnu géètì títí dé iwájú pẹpẹ, ìrùkẹ̀rẹ̀ funfun ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jù ú sókè, gbogbo wa ń pa àtẹ́wọ́. Inú fídíò wà, mo ṣì ní in lórí fóònù. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Bàbá Ìjọ kò sọ wá di abọ̀rìṣà, èyí tó wà lọ́wọ́ amòye onígi ló wá fẹ́ sọ wá dà bẹ́ẹ̀? Ọ̀yọ́ la wà o. Bí ọmọ Ọ̀yọ́ bá fẹ́ gbẹ́ ẹni ńlá tó tọ̀nà jíjìn wá láti wólẹ̀ fún ọmọdé, irú adé wo ló yẹ kó dé e?

Obìnrin tó kúnlẹ̀, òótọ́ ni pé ó jọ àwọn obìnrin tí àwọn agbẹ́gi wa ti ń gbẹ́ kí ọmọlẹ́yìn Kristi kankan tó dé Ọ̀yọ́. Kí ló burú níbẹ̀? Bí obìnrin ilẹ̀ yìí ṣe ń gbé ohun iyebíye fún àgbà nìyẹn. Ìkúnlẹ̀ ni Lúùkù sọ pé ó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ Jésù tàbí ìdúró, n ò ní jà lé e lórí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé omijé rẹ̀ dé ẹsẹ̀, irun orí rẹ̀ ló sì fi nù ún. Ẹni tó wà lóòró kò lè ṣe ìyẹn. Ojú tó yọ ńkọ́? Ojú ọnà Yorùbá ni. Àwọn èèyàn ara ilẹ̀kùn náà dà bí ẹni pé wọ́n ń wò ọ́ padà, ìyẹn gan-an ni bàbá náà fẹ́.

Wàyí o, ẹ ó fa òfin yọ, ìwé Ẹ́kísódù orí ogún, pé a kò gbọ́dọ̀ yá ère. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má ti ìwé náà síbẹ̀. Ẹ ṣí i dé orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ ó rí Ọlọ́run kan náà tó ní kí wọ́n fi wúrà ṣe kérúbù méjì sórí àpótí ẹ̀rí. Ní orí kọkànlélọ́gbọ̀n, ó pe Bẹ́sálẹ́lì ọmọ Úrì lórúkọ, ó ní òun fi Ẹ̀mí òun kún un kó lè ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà àti idẹ, kó lè gbẹ́ òkúta kó sì gbẹ́ igi. Ẹ wá lọ sí ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹfà. Sólómọ́nì fi igi ólífì ṣe ilẹ̀kùn méjì sí ibi mímọ́ jùlọ, ó gbẹ́ kérúbù, igi ọ̀pẹ àti òdòdó sára wọn. Ilẹ̀kùn o, ẹ̀yin àgbà. Ilẹ̀kùn gbígbẹ́, abala méjì.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé Hesekáyà Ọba fọ́ ejò idẹ tí Mósè fúnra rẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni, ó fọ́ ọ. Ìdí tó fi fọ́ ọ wà nínú ẹsẹ yẹn kan náà: àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń sun tùràrí sí i. Láti 1974 títí di oṣù Kẹfà ọdún yìí, ta lẹ rí tó sun tùràrí sí ilẹ̀kùn wa? Ta ló pa adìyẹ síwájú rẹ̀? Ohun tí mo rí tí wọ́n ń ṣe sí i kò ju pé wọ́n ń tì í ṣí, wọ́n ń fà á pa dé, àwọn ọmọdé sì ń fọwọ́ pa àkàrà.

3. Ẹ ní Mùsùlùmí ló gbẹ́ ẹ.

Mùsùlùmí ni lóòótọ́. Aago méjì ọ̀sán bá lù, á fi ọ̀bẹ sílẹ̀, á ṣàlùwàlá, á kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó ń gbẹ́, á sì padà sórí ojú Pétérù. Fíkà ìgbà náà kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Hírámù tó rọ òpó idẹ méjèèjì fún tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì, ará Tírè ni bàbá rẹ̀. Lamidi Fakeye tí wọ́n bí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1928, tó kú ní 2009, Mùsùlùmí lòun náà, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ilé ìjọsìn àwọn Kátólíìkì débi pé a kò lè sọ ìtàn ọnà onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá láìdárúkọ rẹ̀.

Ẹ tún wo àwa fúnra wa. Àwọn aláyàn tó ń lu dùndún fún wa lọ́jọ́ ìkórè, ta ni nínú wọn ni kì í gba ààwẹ̀ Ràmàdánì? Ẹni tó rán aṣọ kwáyà tí mo wọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, Alhaji la ń pè é. N ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dá aṣọ padà.

4. Ẹ ní ayé ti lajú, ṣọ́ọ̀ṣì ìgbàlódé lẹ fẹ́.

"Ìyá, ayé ti kọjá ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìgbìmọ̀ kan tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ sọ fún mi nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ìgbàlódé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí tíṣà.

Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ará Ireland méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n rí i pé àwọn agbẹ́gi tó mọṣẹ́ jù ní ilẹ̀ Yorùbá ń dàgbà lọ, àwọn oníbàárà wọn sì ń dín kù, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ti di onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí. Ilé ìjọsìn tuntun tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń lọ sì kún fún ère eléèrùpẹ̀ funfun tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá. Wọ́n wá pe àwọn agbẹ́gi pé, ẹ wá fi ọwọ́ tí ẹ ti ní sọ ìtàn tuntun yìí. Bamidele Arowoogun, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bandele, ọmọ Aréógun, ògbóǹtarìgì agbẹ́gi ará Òsì, wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bandele ni Fakeye ti kọ́ṣẹ́. Àwọn amòye tí Bandele gbẹ́ fún ìtàn ìbí Jésù dà bí ọba Yorùbá. Ẹ gbọ́ bí, ẹ̀yin tí ẹ ní adé bàbá wa jọ òrìṣà? Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí àwọn Kátólíìkì ti yanjú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìjọ wọn kọ́ ni tiwa, mo mọ̀, àmọ́ ọgbọ́n kò ní ìjọ.

Ibi iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ kò pẹ́ títí, ó kógbá sílé ní 1954. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó jáde níbẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ ló dára. N ò ní purọ́ fún yín. Àwọn kan ń gbẹ́ Màríà kan náà léraléra bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Lára ilẹ̀kùn tiwa gan-an, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Jésù gùn wọ Jerúsálẹ́mù, ewúrẹ́ ni mo máa ń rí. Bàbá mi sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú mi, ìyẹn sì bínú fún ọjọ́ méjì. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni, ibi tó kù díẹ̀ káàtó máa ń wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìgbàlódé, ẹ wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ọ̀nà tí kò jìn. Ẹ wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ dé ilé ìjọsìn tí wọ́n ń pè ní Chapel of the Resurrection, ẹ wo Kristi tó jíǹde tí Ben Enwonwu fi igi gbẹ́ láàrín àwọn ọdún 1950. Ẹ tún yà sọ́dọ̀ àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan, ẹ wo ilé ìjọsìn tí Demas Nwoko yàwòrán rẹ̀ tó sì kọ́ láàrín àwọn ọdún 1970. Ayàwòrán ni, agbẹ́gi ni, ó tún jẹ́ ayàwòrán-ilé. Ní ọdún 2023, Venice lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Ítálì, níbi àpéjọ àwọn ayàwòrán-ilé gbogbo àgbáyé, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà nítorí iṣẹ́ tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Wọn kò fún un torí ilẹ̀kùn gíláàsì.

Ní Èkó, ní ilé ìjọsìn Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Ebute Metta, Bruce Onobrakpeya ya ìrìn àjò àgbélébùú Jésù sí ọ̀nà mẹ́rìnlá ní ìdajì ìkẹyìn àwọn ọdún 1960. Èèyàn dúdú ló wà nínú rẹ̀. Mo mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú èyí tí Jésù ti ṣubú, kò kúrò. Mo bi í pé kí ló ń wò. Ó ní, "Mà, ó jọ bùọ̀dá mi." Ọmọ yẹn ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Àwọn aṣáájú Kátólíìkì tó pàdé ní Róòmù tún kọ ọ́ sínú ìwé ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 pé ìjọ kò fi ọ̀nà iṣẹ́ ọnà ẹ̀yà kan ṣe tirẹ̀ nìkan, pé kí iṣẹ́ ọnà ìgbà tiwa, ti gbogbo ẹ̀yà àti gbogbo ilẹ̀, ráyè nínú ilé Ọlọ́run bó bá ti ń fi ọ̀wọ̀ sìn níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn ni fíkà Áńgílíkà kan, nínú ìlú Ọ̀yọ́, ní kí afàáké-gbẹ́gi kan tí kò mọ̀wé ṣe ilẹ̀kùn. N ò mọ̀ bóyá ó ti ka ìwé náà. Ó ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwa tí a wà nítòsí Òṣoògùn ló yẹ kó kọ́kọ́ yé. Òṣoògùn ni wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú, òun ló sì ṣáájú àwọn tó sọ Bíbélì di Yorùbá, títí odindi rẹ̀ fi jáde ní 1884. Nígbà tí wọ́n dé ibi búrẹ́dì, oúnjẹ tí àwọn èèyàn wa kò mọ̀, wọ́n pè é ní àkàrà. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n ba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jẹ́. Bàbá agbẹ́gi kàn gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ ni, ó fi igi kọ ohun tí àwọn ti fi yíǹkì kọ.

5. Àwòrán tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ gbé fílẹ́ẹ̀sì ńlá kan kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Jésù onírun gígùn wà lápá òsì, ó wo ọ̀nà òkè. Fọ́tò àwọn tó dáwó fún ilẹ̀kùn gíláàsì wà lápá ọ̀tún, wọ́n wo ọ̀dọ̀ wa. Jésù tí ẹ̀ ń wò yẹn, Warner Sallman ló yà á ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, ní 1940. Ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ kárí ayé. Mi ò kórìíra ọkùnrin náà. Ó ya Jésù kó jọ àwọn èèyàn tirẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ìjọ wa rò pé fọ́tò ni, mo sì ti gbọ́ kí ìyá àgbà kan sọ níbi àdúrà pé, "Jésù aláwọ̀ pupa tèmi." Òun la ò pè ní ère. Tiwa là ń pè bẹ́ẹ̀.

Fílẹ́ẹ̀sì náà kò sì lè pẹ́. Èyí tí ẹ ṣe fún ìkórè èṣín ṣì wà lára ògiri ilé fíkà, ẹ lọ wò ó. Oòrùn a máa kọ́kọ́ jẹ àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè, búlúù a sì ṣẹ́kù. Bíṣọ́ọ̀bù wa ti di búlúù. Ilẹ̀kùn ìrókò yẹn lo ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún lójú oòrùn, nínú ọyẹ́ àti nínú òjò, ojú Pétérù kò ṣá.

6. Bó ṣe wà báyìí.

Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ní oṣù Keje, abala méjèèjì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, ojú kọlẹ̀, abala kan lé èkejì. Ní oṣù Kẹjọ, ikán ti mọ ilé gba inú férémù rẹ̀ wọlé. Férémù kì í ṣe ìrókò, arère ni wọ́n fi ṣe é, arère sì ni oúnjẹ ikán. Ìrókò gan-an ṣì le, wọn ò tíì rí i wọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ọjọ́ kejì ìsìnkú ńlá tó wáyé ní oṣù Kẹsàn-án ni. Wọ́n ti yí abala òsì padà, wọ́n gbé e lé táyà méjì. Ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti gé ẹran màlúù. Ipa àdá wà ní àwòrán kẹta, ní èjìká obìnrin tó gbé òróró ìkunra, ó jìn tó ìdajì ìka mi. N ò bá àwọn alásè jà. Ta ló sọ fún wọn pé nǹkan kan ni? Ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ júwe rẹ̀, ẹ fi gé ẹran.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí.

Ìkínní, kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn yàrá ìwọṣọ kwáyà. Kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè, kó dúró lóòró, kó má fara ti ògiri tó ń fa omi. Kí wọ́n má sá a sóòrùn láti lè tètè gbẹ, torí ó máa là.

Ìkejì, kí ẹnikẹ́ni má fi ohunkóhun kùn ún. Mo gbọ́ pé ẹnìkan ti dábàá ọ́ìlì dúdú inú ẹ́ńjìnnì nítorí ikán, ẹlòmíràn sì ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà fọ́n ọn kó lè "jáde". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Ọ́ìlì yẹn kò ní jáde lára igi mọ́ láéláé, ọ̀dà á sì dí gbogbo ìlà tí wọ́n fín. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ tó gbẹ ló máa kọ́kọ́ kan án. Férémù tó ti bàjẹ́ ni kí gbẹ́nàgbẹ́nà gé kúrò, kó fi igi apá ṣe òmíràn.

Ìkẹta, kí ẹ pe ìpàdé gbogbogbò kí ìkórè tó dé, kí ìjọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ilẹ̀kùn máa wà. Mo mọ̀ pé a ti sanwó gíláàsì, n ò sọ pé kí ẹ fọ́ ọ. Bí ìjọ bá ní kí gíláàsì dúró, ògiri tó wà lẹ́yìn agbada ìrìbọmi fẹ̀ tó láti gba abala méjèèjì. Mo ti wọ̀n ọ́n. Níbẹ̀, òjò kò ní pa á mọ́, ọwọ́ àwọn ọmọdé á sì tó àkàrà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ kó padà sí, tí ẹ̀yin náà bá gbà, n ó bá yín dáwó férémù.

Ìkẹrin, orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Orúkọ fíkà, orúkọ wọ́dìn, orúkọ ẹni tó fún wa ní aago, gbogbo rẹ̀ wà lára òkúta mábù tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ ti bàbá náà kò sí níbì kankan nínú ìwé ìjọ. N ò kọ ọ́ síbí torí mi ò tíì gba àyè lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Méjì nínú wọn ṣì wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́, ọ̀kan ń tún mọ́tò ṣe. Kí ìjọ ránṣẹ́ pè wọ́n, kí wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ bàbá wọn láti ẹnu wa kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta. Kí orúkọ náà sì wà lára igi tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹni tó bá mọ̀wé á ti kà á.

Èjìká tí wọ́n ṣá ládàá, n ò bèèrè pé kí ẹ tún un ṣe. Kó wà bẹ́ẹ̀.

Méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ti gbà láti bá mi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan mọ iṣẹ́ igi dáadáa, èkejì mọ bí wọ́n ṣe ń lé ikán láìba igi jẹ́. A máa wà lẹ́yìn ilé ìdáná ní aago méje àárọ̀ Sátidé yìí, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ, búrọ́ọ̀ṣì àti tapólì tuntun. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí wà lọ́wọ́ olórí àwọn alásè. Ẹ bá mi sọ fún un kó dúró dè wá.

Èmi ni, ọmọ afíngbá, kwáyà yín láti 1983,
Ọ̀yọ́.